Ó Bá Mi Ṣí I, Àṣé Ó Ti Gba Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Mi!

Ohun tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ Sango-Ọ̀tà mọ̀ kí wọ́n tó gbé WhatsApp wọn sórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá mọ Sango-Ọ̀tà dáadáa á mọ̀ pé bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ojú títì kì í gba èrò mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa tú jáde láti ilé iṣẹ́ ńláńlá bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu aago ìparí fún. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ń bọ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti Tóògéètì ń bọ̀, gbogbo wọn á kórí sí abẹ́ bíríìjì. Kọ̀ńdọ̀ á máa pariwo Ìyànà-Ìpájà, òmíràn á máa pariwo Ìjòkó. Ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì ń fẹ́ná, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Ojú ẹni máa rí nǹkan.

Láàárín gbogbo ariwo yìí, ẹ ó máa rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí kọ̀ǹpútà méjì tàbí mẹ́ta wà nínú wọn, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́nu ọ̀nà wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ ìwé ìwáṣẹ́, ibẹ̀ ni ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB ti ń wo èsì. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, àǹfààní wọn sì pọ̀ fún ìlú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan nínú èrò tó ń jáde níbi iṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó o. Irú ẹ̀ pọ̀ nígboro, ẹ sì lè rí ara yín tàbí ọmọ yín nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ká máa pè é ní Akọ̀wé. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ iye ọjà tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní àwọn dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ àjàgbé ti ya fọ́tò wébíìlì wọn, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé lórí WhatsApp. Ó ní kó tẹ gbogbo ẹ̀ jáde sórí pépà, kó kó o wá láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Íńkì ti tán nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì. Kí ni Akọ̀wé máa ṣe? Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan lójú ọ̀nà.

"Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tẹ ìwé mẹ́rìnlá jáde, inú WhatsApp ni wọ́n wà."

"Kò le rárá, Àǹtí. Ẹ gbé fóònù yín wá, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é."

Akọ̀wé gbé fóònù kalẹ̀. Bùrọ̀dá ṣí ojú ewé kan lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán onígun mẹ́rin kan tó rí wúruwùru dúdú àti funfun sì yọ síbẹ̀. Ó tẹ fóònù níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó gbé ojú fóònù náà sí àwòrán yẹn. Kí wọ́n tó pajú pẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú fóònù Akọ̀wé ti tẹ́ rẹrẹ sórí kọ̀ǹpútà: ọ̀rọ̀ òun àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájọ, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá wébíìlì, wọ́n rí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Akọ̀wé sanwó, ó gba fóònù ẹ̀, ó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ tó kẹ́yìn lọ sí Ìjòkó. Lọ́kàn tiẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí fóònù òun ti wà lọ́wọ́ òun, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọ̀rọ̀ ò bùṣe o!

Lóru ọjọ́ kẹta, nígbà tí Akọ̀wé ń sùn fọnfọn, ìyá ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orúkọ ọmọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, fọ́tò ọmọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi ṣubú lulẹ̀, a ti gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní àfi ká san 40,000 náírà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má pè mí, mi ò lè gbé ìpè níbí. Ẹ sáà fi sí àkáǹtì yìí." Abiyamọ wo ló máa gbọ́ irú èyí tára ẹ̀ ò ní bù máṣọ? Ìyá náà fi owó ránṣẹ́.

Nígbà tó di àárọ̀, ìyá pe ọmọ. "Ọmọ mi, ara ọ̀rẹ́ ẹ ti yá?"

"Ọ̀rẹ́ mi wo, Màámi?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ tó o ní ó wà lọ́sibítù. Ṣé owó yẹn tó?"

"Owó wo? Màámi, owó wo lẹ̀ ń sọ?"

Ìyá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Owó ọ̀hún kì í ṣe tiẹ̀. Owó àjọ ni, òun ni wọ́n kó o fún kó tọ́jú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló sì kan ìyá oníṣu láti gbà á. Báwo ló ṣe máa ṣàlàyé fún ọjà? Ta ló máa gbà á gbọ́ pé kì í ṣe pé òun àti ọmọ òun jọ lẹ̀dí àpò pọ̀?

KÍ LÓ ṢẸLẸ̀ GAN-AN?

Ẹ má tíì na ìka sí Bùrọ̀dá oníkọ̀ǹpútà o. Ó lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Ohun tí òun àti Akọ̀wé gbàgbé láti ṣe ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n parí ohun tí wọ́n ń ṣe, wọn ò tì í. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn wọn lè ṣí ojú ewé yẹn kó bá gbogbo ọ̀rọ̀ Akọ̀wé níbẹ̀. Kò ní kà á nìkan, ó lè kọ tiẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ Akọ̀wé ló sì máa fi jáde. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú fóònù ni WhatsApp wà, pé bí fóònù bá ti wà lápò àwọn, kò séwu. Bó ṣe rí nígbà kan nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé WhatsApp dé orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kìíní ọdún 2015, fóònù gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó sì ní dátà, kí kọ̀ǹpútà tó lè ṣiṣẹ́. Bí bátìrì fóònù bá kú, kọ̀ǹpútà náà á dákẹ́. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Ní báyìí, ẹ lè so fóònù kan mọ́ ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Ẹ pa fóònù yín, ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ẹ gbéra lọ sí Abẹ́òkúta, kọ̀ǹpútà tó wà ní Sango á ṣì máa gba ọ̀rọ̀ yín. Àfi bí fóònù ọ̀hún bá lò ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ láì ṣiṣẹ́ ni àwọn ẹ̀rọ yòókù á tó já kúrò fúnra wọn.

Ẹ rí i báyìí pé ohun tí wọ́n ṣe kí ayé lè dẹrùn fún wa náà ló dẹrùn fún olè.

KÌ Í ṢE ÒNÍ, KÌ Í ṢE ÀNÁ

Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún ní Ọ̀tà á rántí pé irú ọ̀fìn yìí ti wà tipẹ́. Nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí oko ẹ̀ wà ní Ọ̀tà níbí, gbàjọba ní 1999, ẹni tó bá ní tẹlifóònù nílé, ọlọ́lá ni. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta láìnì fóònù alágbèéká, ó sì tún pẹ́ kó tó di pé mẹ̀kúnnù lè rà á. Nígbà náà, bí èèyàn bá fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láì náwó gọbọi, kafé ló ń lọ.

Ẹ rántí kafé? Àwo ńlá tó kọjú sójú ọ̀run lórí òrùlé, kọ̀ǹpútà tó tò lọ bẹẹrẹ, pátákó pẹlẹbẹ láàárín ẹnì kìíní àti ẹnì kejì. Ẹ ó ra tìkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà pélébé tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀, aago á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú yín. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kówó wọn pẹ́, òru ni wọ́n ń wá, wọ́n á bá a mọ́jú.

Ohun tó sì kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀ ni Yahoo Messenger. Ilé iṣẹ́ Yahoo, tí Jerry Yang àti David Filo dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1994 sí 1995, ló gbé e jáde ní oṣù kẹta ọdún 1998. Yahoo Pager ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Kì í ṣe òun nìkan ló wà o. ICQ ti ṣáájú ẹ̀ dé ní 1996, MSN Messenger ti Microsoft tẹ̀ lé e ní 1999. Ṣùgbọ́n ní kafé tiwa níbí, Yahoo lọba.

Bí wọ́n ṣe ń ṣí i nìyí. Ẹ ó kọ́kọ́ mú orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mú rí. Orúkọ tí bàbá yín sọ yín ò lè ṣiṣẹ́, nítorí ẹgbẹ̀rún èèyàn ti mú un, ẹ ó wá fi nọ́ńbà kún un. Ẹ ó kọ ọjọ́ ìbí. Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè àṣírí kan, kí wọ́n lè fi dá yín mọ̀ bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ni páásíwọ̀ọ̀dù fúnra ẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ti parí, àpótí kékeré á yọ lójú kọ̀ǹpútà: kọ orúkọ síbí, kọ páásíwọ̀ọ̀dù síbí. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun á tàn bí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ó ti jókòó. Bó bá ń pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ ó tẹ BUZZ fún un, gbogbo àpótí náà á gbọ̀n pìpì!

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀fìn wà nìyí. Lábẹ́ àpótí yẹn, ibì kan wà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan sí pé kí kọ̀ǹpútà rántí orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù. Ọmọ kafé tó ń bá èèyàn ṣí i lè fàmì sí i, bóyá kó má baà máa tẹ̀ ẹ́ léraléra. Oníkọ̀ǹpútà lásán ò mọ̀. Ó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó tẹ àmì X tó wà lókè igun, ó rò pé òun ti pa á. Kò kú o! Ńṣe ló sá lọ sápá ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, tó ń wò ó bí ológbò. Ẹni tó kàn lórí àga á kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni, ó ti di onílé.

Ní irú kafé bẹ́ẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ jìbìtì kan ti ń fi Yahoo tan àwọn òyìnbó jẹ lóru, tí ìlú fi wá sọ wọ́n lórúkọ ilé iṣẹ́ onílé iṣẹ́: ọmọ Yahoo. Yahoo Messenger fúnra ẹ̀ ti kógbá sílé ní ọjọ́ 17, oṣù keje, ọdún 2018. Orúkọ burúkú tí wọ́n fi sọ àwọn ọmọ yẹn ò kógbá sílé.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé àwọn méjì tó dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009, Jan Koum àti Brian Acton, ilé iṣẹ́ Yahoo yìí kan náà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí. Facebook ló ra WhatsApp lọ́wọ́ wọn ní 2014. Ilé ti yàtọ̀, àwọn tó kọ́ ọ ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwà àwa tí a ń gbé inú ẹ̀ ò tíì yàtọ̀: a ṣì ń ní kí ẹlòmíì bá wa ṣílẹ̀kùn, a ò sì ń béèrè kọ́kọ́rọ́.

ÀKÁǸTÌ YÀTỌ̀ SÍ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ báńkì ṣàlàyé ẹ̀. Bí ẹ bá ní owó ní báńkì, owó yín ò sí nínú ẹ̀rọ ATM tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ yẹn, ojú ọ̀nà lásán ni. Ẹ lè gba owó yín ní Sango, ẹ lè gbà á ní Ìlaròó. Káàdì àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ló ń ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà rí sí ọ̀rọ̀ wa yìí. Ohun tí wọ́n gbé sórí kọ̀ǹpútà, ojú ọ̀nà ni. Àkáǹtì yín ni ohun tó níye lórí. Ẹni tó bá ti ní ohun tó ń ṣí i, kò nílò àtirí yín sójú mọ́.

Ní ayé Yahoo, páásíwọ̀ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́. Lórí WhatsApp, kò sí páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, nọ́ńbà fóònù yín ló wà nídìí ẹ̀, èyí ló sì ń jẹ́ káwọn èèyàn rò pé kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní o. Àwòrán wúruwùru tí Bùrọ̀dá gbé fóònù sí yẹn, kọ́kọ́rọ́ kan nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí yín nígbà tí ẹ bá ń ṣí i sórí fóònù tuntun, kọ́kọ́rọ́ kejì nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, pé kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ kà á fún òun, ẹ má dá a lóhùn. Olè ni. Kò sí bí nọ́ńbà ẹlòmíì ṣe máa ṣèèṣì wá sọ́dọ̀ yín.

Kì í sì í ṣe ìwà àìbìkítà tiwa nìkan ló ń fa ewu. Ní 2013, àwọn olè wọ ilé iṣẹ́ Yahoo fúnra ẹ̀. Nígbà tó máa fi di 2017, ilé iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé gbogbo àkáǹtì tí àwọn ní nígbà yẹn, bílíọ̀nù mẹ́ta, lọ́wọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí èèyàn má fi páásíwọ̀ọ̀dù kan ṣoṣo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé ẹ̀.

BÍ Ẹ ṢE LÈ ṢE É FÚNRA YÍN

Ẹ̀yin òǹkàwé, kò le. Ẹni tó lè fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù lè ṣe èyí náà.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ó tiẹ̀ pọn dandan. Akọ̀wé ò nílò àtigbé gbogbo WhatsApp ẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà nítorí ìwé mẹ́rìnlá. Ó lè fi kìkì wébíìlì yẹn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù náà tàbí sí ímeèlì wọn. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, á sì ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú òun. A kì í tìtorí pé a fẹ́ bu ife omi kan fún àlejò ká wá gbé gbogbo ìkòkò fún un.

Èkejì, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí ti ilé yín, tó sì pọn dandan, ẹ ṣí web.whatsapp.com fúnra yín. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ má gba ojú ewé tí ẹlòmíì fi ránṣẹ́ sí yín wọlé, nítorí ayédèrú pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí WhatsApp wà lórí kọ̀ǹpútà náà gan-an, ilé iṣẹ́ náà ti ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sínú kọ̀ǹpútà láti ọdún 2016. Ojú ewé wọn ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má gbà á lára fílààṣì ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú fóònù yín, ẹ ṣí WhatsApp, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè. Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ lọ sí Settings. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Linked devices sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wá tẹ Link a device. Ẹ gbé ojú fóònù sí àwòrán tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó parí. Ẹ má jẹ́ kí fóònù kúrò lọ́wọ́ yín nígbà kankan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kó fẹnu júwe, kẹ́ ẹ̀yin máa fọwọ́ tẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá parí, ẹ jáde. Títi ojú ewé pa kì í ṣe jíjáde. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wá Log out, ẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Linked devices lórí fóònù yín. Gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ yín ló tò síbẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí èyí tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ já a dànù. Ẹ ò nílò láti padà sí Sango. Ibi yòówù tí kọ̀ǹpútà yẹn bá wà, ìlẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn lójú.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Account, ẹ wá Two-step verification. Nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin fúnra yín mú lẹ ó fi síbẹ̀. Bí olè bá tilẹ̀ gba nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́ yín, kò ní lè gbé àkáǹtì yín lọ sórí fóònù tiẹ̀ láì mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e pé yóò lé ẹni tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà jáde. Linked devices ló ń lé ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Telegram náà, tiyín wà ní Settings, níbi tí wọ́n kọ Devices sí. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

BÍ WỌ́N BÁ TI WỌLÉ Ń KỌ́?

Ẹ má jókòó máa sunkún. Ẹ kọ́kọ́ já gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ yín. Ẹ pe ìyá yín, ẹ pe alága ẹgbẹ́ àjọ, ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fi sí sítétọ́ọ̀sì, kí gbogbo ayé rí i. Bí ẹnì kan bá ti fowó ránṣẹ́, kó pe báńkì tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó ní wọ́n lu òun ní jìbìtì, kó fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì tí owó wọ̀. Bó bá ṣe tètè ṣe é sí ni owó náà ṣe lè ṣeé dá dúró sí. Kò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Kó tọ́jú ẹ̀, kó ya fọ́tò ẹ̀, kó gbé e lọ sí tọ́ọ̀ṣánnà. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, òfin tí wọ́n sì ṣe lórí ẹ̀ ní ọdún 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n láti wọ ilé oníkọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ, tàbí láti fi orúkọ olórúkọ gba owó.

Ẹ̀yin òbí náà, àdéhùn kan ni kẹ́ ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣe nínú ilé. Bí ọ̀rọ̀ owó bá dé lórí WhatsApp, ẹ pe onítọ̀hún kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Bó bá ní kẹ́ ẹ má pe òun, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ pè é. Ẹ fi orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe ọmọ náà ní kékeré dán an wò. Olè á ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ò kọ síbẹ̀ rí, kò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà abẹ́ bíríìjì, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí. Ẹ lẹ pépà kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù yín pé, "Ẹ rántí jáde kẹ́ ẹ tó lọ." Kí kọ́sítọ́mà tó sanwó, ẹ ní kó ṣí Linked devices, kó já a lójú ara ẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa na ìka sí yín.

Ní ti Akọ̀wé wa, bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń parí náà ni tiẹ̀ ṣe parí. Owó oṣù ẹ̀ lọ sórí owó àjọ. Ìyá ẹ̀ kó owó fún ìyá oníṣu lọ́jọ́ tó yẹ, kò sì sọ nǹkan kan fún ọjà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé, "Màámi, ẹ kú àárọ̀," ìyá á kọ́kọ́ pè é, á ní, "Ṣé ìwọ náà ni?" Ìyẹn gan-an ló ń dun Akọ̀wé ju owó lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kẹ́ ẹ tó ka ojú ìwé tó kàn, ẹ gbé fóònù yín, ẹ ṣí Linked devices, ẹ wo ẹni tó wà nílé yín. Ẹni tí irú ẹ̀ bá sì ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà, kí àwọn ẹlòmíì lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.